Gíláàsì Ọwọ́ Ọ̀tún

Fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, mo wà ní Agbowó bí adìyẹ tí wọ́n so lókùn lẹ́sẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé, ibẹ̀ ni ayé mi parí sí. Ohun tó fà á kò gùn láti sọ. Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, odò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kún, ó sì gbé ọkọ̀ mi kúrò lójú títì. Bọ́tìnnì ni gbogbo gíláàsì ọkọ̀ náà ń lò. Nígbà tí omi wọ inú iná rẹ̀, bọ́tìnnì kú. Ilẹ̀kùn náà kọ̀, nítorí omi ń tì í láti ìta. Omi náà dé orókún mi, ó dé àyà mi. Àwọn ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí ni wọ́n fi òkúta fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, tí wọ́n fà mí jáde. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀, nítorí kò ní ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Sàńgó, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ sì tú tapólì sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má baà pa wá. Kó tó so ó tán, mo ti bẹ́ sínú ẹrẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì mí yọ orí síta. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé wọ́n ń wá yín ni?"

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé. N kò tún wọ kẹ̀kẹ́ mọ́.

Àpáta, ní òdìkejì ìlú Ìbàdàn, ni ìyá mi ń gbé, orókún wọn kò sì gbé wọn jáde mọ́. Ìyàwó mi ló ń lọ wò wọ́n. Èmi, orí fóònù ni.

"Ìwọ kọ́ nìyẹn," wọ́n á ní.

"Èmi ni, Màmá."

"Wọ́n ti sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ohùn ènìyàn báyìí. Ọmọ mi ti bá omi lọ, ẹ sì ń tàn mí."

Ìyàwó mi gbé fídíò mi lọ bá wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dá fóònù padà. "Àwòrán nìyí. Òkú náà máa ń hàn nínú àwòrán." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, pé kí Ọlọ́run fi mí hàn wọ́n bí mo bá wà láàyè. Ìyàwó mi dé lọ́jọ́ kan, kò bọ́ bàtà, ó ní, "Dádì, Màmá ń rù o."

Àbúrò mi ọkùnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Áyàlándì. Níbẹ̀ ló ti wọ ẹgbẹ́ àwọn kan tí wọ́n ń jí ọkọ̀ Japan àtijọ́ dìde. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, wọn á kóra jọ sétí òkun, wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á máa mu tíì inú fúláàsì, wọn á sì máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì ara wọn bí àwọn àgbà tó wá kí ọmọ tuntun. Irú ọkọ̀ bàbá wa ni òun náà ń tún ṣe. Ti bàbá wa ṣì wà nínú ọgbà wọn ní Bódìjà láti ìgbà tí wọ́n ti kú, adìyẹ ti yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n ya fídíò rẹ̀, ó sì fi hàn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnu yà wọ́n. Kì í ṣe nítorí ọ̀dà rẹ̀, oòrùn ti bó ìyẹn tipẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò: kò sí ìpẹtà. Lọ́dọ̀ tiwọn, òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ a máa jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Bàbá òyìnbó kan, tó dàgbà jù nínú wọn, béèrè pé oògùn wo la fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi sọ fún un pé ọyẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi wí, "ọkọ̀ Bàbá kò ní bọ́tìnnì kankan. Ọwọ́ la fi ń yí gíláàsì rẹ̀. Bí iná kú, bí omi dé, ọwọ́ yín ṣì wà lára yín. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, kí ẹ fi lọ rí Màmá."

Mẹkáníìkì kan wá láti Challenge, ẹgbẹ́ mi ni, irú ọkọ̀ náà ló fi kọ́ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Ẹ́ńjìnnì jí, bíréèkì dáhùn. Ṣùgbọ́n máṣíìnì tó ń gbé gíláàsì ilẹ̀kùn iwájú ti jẹ eyín rẹ̀ tán, lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Mo sọ fún wọn pé bí gíláàsì ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà kò bá ṣí, n kò ní wọ ọkọ̀ náà. Bàbá òyìnbó yẹn ní irú ọkọ̀ náà kan tí ìpẹtà ti jẹ kọjá àtúnṣe. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú máṣíìnì náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà dírẹ́bà, ó fi súwẹ́tà àtijọ́ wé e, ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé sì bá wa gbé e wá.

Mẹkáníìkì ti máṣíìnì náà bọ inú ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kò bá a mu. Ó yọ ọ́. Ó dojú rẹ̀ dé, ó tún tì í bọ inú rẹ̀.

"Ọ̀gá, níbo ni dírẹ́bà ń jókòó sí lọ́hùn-ún?"

N kò mọ̀. A pe àbúrò mi.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni," ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó kígbe, "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì ni tiwa nílé. Mo ti pẹ́ níbí jù."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Áyàlándì!" mẹkáníìkì pariwo sínú fóònù. "Ẹ wá bá wa gbé títì Ìbàdàn sọ́wọ́ kejì!" Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi tapólì bo ọkọ̀ náà padà.

"Èmi kì í kó iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà," ó wí. Ó gbé máṣíìnì náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀tún. Níbẹ̀ ló ti bá a mu. Mo na ọwọ́ láti ìta, mo yí i. Gíláàsì sọ̀kalẹ̀. Mo yí i padà, ó gòkè.

Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi. Àdúgbò Bódìjà nìkan ló ti wa ọkọ̀ rí. "Dádì, ẹ bọ́ sí ọ̀tún," ó ní. "Èmi á wà á."

Àárọ̀ Sátidé ni a jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Gíláàsì wà nílẹ̀ pátápátá, mo sì di ohun tí a fi ń yí i mú bí ẹni di okùn kànga mú. A kọjá Mọ́kọ́lá. Kí a tó dé Dùgbẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ yí i sókè, ó ń pa yín."

Mo gbìyànjú. Nígbà tó dé ọgbọọgba àgbọ̀n mi, èémí mi dúró. Mo yí i sílẹ̀ padà.

Orí afárá Odò Ọ̀nà ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá wa dúró, a kò lè lọ síwájú, a kò lè padà. Omi pupa ń lọ lábẹ́ wa. Èrò inú bọ́ọ̀sì kan rí mi.

"Bàbá, ẹ ti gíláàsì yín! Àbí wọn ò tà á mọ́ ọn?"

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọ́n ń wẹ̀!"

Ọwọ́ mi ti lọ sí ibi tí wọ́n ń fà láti ṣí ilẹ̀kùn. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ, lórí afárá? Ìyàwó mi kò wo ojú mi, ọ̀nà ló ń wò. "Gíláàsì ṣí sílẹ̀ o," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ṣí sílẹ̀." Mo fọwọ́ kàn án. Òjò ni mo bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí àwọn ọkọ̀ iwájú wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a dé. Wọ́n di apá mi òsì mú, ó gbẹ. Wọ́n di apá mi ọ̀tún mú, omi ń ro tótó lára rẹ̀ sí ilẹ̀.

"Apá kan rẹ ṣì wà nínú omi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni." Wọ́n kọjú sí ìyàwó mi. "Bá mi po ẹ̀kọ wá. Kí ó gbóná."

Wọ́n ń mu ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi pè. Bàbá òyìnbó ti ṣe tán láti tú máṣíìnì ẹnu ọ̀nà òsì náà kúrò, kí n lè jókòó síbi dírẹ́bà. Mo ní kó kí i fún mi, kó sì sọ fún un pé kó má kánjú. Òjò kò dá lọ́jọ́ náà. Àpáta la sùn.