Táyà Àbíjàn Tí Kò Tẹlẹ̀ Rí

Nígbà tí ọkọ Sọ̀fíyátù, ìyá Afeezat, kú, ó fi mọ́tò àlòkù kan sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní kó tà á. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ra òun mọ́ ọn. Bó ṣe di awakọ̀ nìyẹn, tó ń kó àgbẹ̀ àti ẹrù wọn láti gáréèjì Èjìgbò lọ sí ìlú Ara. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin kì í dápàárá mọ́ ọn, nítorí ẹnu rẹ̀ yá ju mọ́tò rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì pá bí orí àgbàlagbà. Ó gba ilé Bàbá Àyàndá lọ, ẹni tó lo ogún ọdún ní Àbíjàn, tó kó táyà tuntun mẹ́rin bọ̀ wálé láìní mọ́tò tí yóò lò wọ́n. Pálọ̀ ló tò wọ́n sí, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n, àlejò kankan kò sì gbọdọ̀ jókòó lé wọn. Ó ṣí aṣọ náà bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó. Ó fi Faransé búra, ó tún fi Yorùbá búra, pé táyà náà kò tẹlẹ̀ rí. Sọ̀fíyátù fọwọ́ pa á. Ilà ojú táyà náà jìn, ó dúdú, ó ń dán. Ó ra méjì.

Jeremiah, fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, yí wọn wò síwá-sẹ́yìn. Ó fìka tẹ nọ́ńbà mẹ́rin kan lára rọ́bà náà: 0912.

“Ìyá Afeezat, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2012 ni wọ́n ṣe eléyìí.”

“Ṣé ẹnì kan ti lò ó ni?”

“Kò sẹ́ni tó lò ó. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbẹ níbi tó jókòó sí. Ẹ wo bó ṣe ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má fi kó èèyàn.”

Sọ̀fíyátù ní bí ọjọ́ orí bá ń ba ohun tí a kò lò jẹ́, kí Jeremiah, tó lé ní ogójì ọdún láìgbéyàwó, kọ́kọ́ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Ojú ti Jeremiah, ó sì wọ táyà náà fún un.

Ní ọjọ́ kẹrin, Sọ̀fíyátù kó alùfáà kan, wòlíì kan, Ìyá Fáfúnmi tó ń bọ Ògìyán, àti Bàbá Àyàndá, tó ní òun kò ní sanwó nítorí táyà òun ló ń gbé wọn lọ. Oòrùn ń jó ọ̀dà ojú títì. Wọn ò tíì dé Ara tí nǹkan fi dún gbàà níwájú, tí sítíárìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Sọ̀fíyátù jà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fò lé bíréèkì, ó kó o níjàánu kí ọkọ̀ má baà yí dànù. Ó di sítíárìn mú gírígírí, ó sì jẹ́ kí mọ́tò náà rọra kú fúnra rẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Alùfáà ti ké sí Ọlọ́hun, wòlíì ti pe Jésù, Ìyá Fáfúnmi ti ké pe Ògìyán. Títí dòní, wọ́n ṣì ń jiyàn ẹni tó dá ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sọ̀fíyátù.

Kò sẹ́ni tó farapa. Bàbá Àyàndá gbé rọ́bà tó ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ọ̀nà ló burú. Sọ̀fíyátù jókòó lórí ebè, ó ń wo àwọn èrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Wọ́n kìlọ̀ fún mi,” ó wí. “Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jeremiah níṣojú àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín. Jeremiah tú táyà kejì, ó fọ̀bẹ là á kí ẹlòmíràn má baà rà á.

Bàbá Àyàndá wá kí Sọ̀fíyátù kú ewu. Ó jókòó pẹ́, ó mu omi, ó ní bátìrì Àbíjàn kan wà nílé òun tí òun kò tíì tú páálí rẹ̀. Sọ̀fíyátù bi í pé ọdún wo ni wọ́n rà á. Bàbá náà ní ohun tó dára kì í ní ọjọ́ orí. Sọ̀fíyátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.