Orúkọ Tí Màmá Ìkéré Pè Sókè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mafolúkù, bàálù máa ń fò kọjá lórí ilé wa débi pé tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dákẹ́ kó kọjá ná. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú ilé yẹn mọ̀ ọ́n: yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo máa ń fọ abọ́ láràárọ̀ kí màmá mi tó bu ẹ̀wà àti gààrí fún mi. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣeré tẹn-tẹn á kọ́kọ́ gbálẹ̀.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ọmọdé kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. Ìyá Táíwò, Bàbá Ṣadé, Àǹtí Télọ̀, bẹ́ẹ̀ là ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí lánlọ́ọ̀dù pe Ìyá Táíwò ní Kọ́ńfọ́ọ̀tì. Èmi aláìmòye sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní, "Kọ́ńfọ́ọ̀tì, màmá mi ní kí ẹ yá wa ní asẹ́." Yéè! Mo kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè, títí ìrẹsì fi jinná ni.

Ọdún yẹn náà ni Bọ̀dá Gbénga, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, mú ìyàwó òyìnbó wá sílé wa. Ilẹ̀ Bùlùgéríà ló ti lọ kàwé, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ẹ. Àǹtí Ìyàwó la sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè òmíràn. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó máa ń po mílíìkì sínú ìkòkò, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, tó bá di ọjọ́ kejì á ti kan, á wá bù ú fún wa pẹ̀lú ṣúgà. Ìyá Táíwò ní mílíìkì tó ti bàjẹ́ ni, àmọ́ òun gan-an ló máa ń gba abọ́ kejì.

Oyún rẹ̀ ti ga nígbà tí lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ màmá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bọ̀ wálé ló fi pamọ́ sínú bàtà mú un wá. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Ìyàwó kò jẹun dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bá a ṣa ẹ̀wà, ó wá bi mí pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀, "Màmá ẹ, kí ni orúkọ?" Mo ní mi ò lè pè é, pé wọn ò gbà fún wa. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ni ò gbà? Ọlọ́pàá?" Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tí omijé ń kán sórí ẹ̀wà, mo sáré lọ pe màmá mi.

Nírọ̀lẹ́, Bọ̀dá Gbénga là á yé màmá mi, èmi náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń tẹ́tí. Ẹ̀yà Tọ́ọ̀kì ni àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ Bùlùgéríà, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ìjọba Kọ́múníìsì ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ èdè wọn lójú títì, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa kírun. Wàyí o, ó ti kó ọlọ́pàá àti ṣójà wọ abúlé wọn, wọ́n to gbogbo èèyàn síwájú tábìlì, wọ́n ní kí oníkálukú mú orúkọ tuntun nínú ìwé. Ní ti màmá ìyàwó rẹ̀, Fátímà ló dé ìdí tábìlì, Vesela ló kúrò níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí ọmọ òun má kọ Fátímà sẹ́yìn àpòòwé mọ́, kí wọ́n má baà wá mú òun.

Ohun tó ń pa Àǹtí Ìyàwó lẹ́kún ni pé bí màmá rẹ̀ bá kú, orúkọ yẹn parí nìyẹn. Nígbà tí mo wá kọ̀ láti pe ti màmá tèmi, ó rò pé ìjọba ti gba orúkọ àwọn ìyá níbí náà! Màmá mi ní, "Áà, ọ̀wọ̀ ni o! Kò sẹ́ni tó gbà á." Ló bá sọ orúkọ tiẹ̀ sí i létí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí Àǹtí Ìyàwó bí obìnrin, Màmá Ìkéré, ìyá Bọ̀dá Gbénga, ti Èkìtì dé pẹ̀lú iṣu àti Bíbélì ńlá. Obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ Jésù ṣeré. Ó ti kìlọ̀ pé orúkọ tó bá Olúwa tan nìkan lòun fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á ju owó ẹyọ sínú abọ́ omi, á pè é, gbogbo ilé á sì pè é tẹ̀lé e. A pe Olúwaṣeun, a pe Ìbùkún. Ó kan Àǹtí Ìyàwó. Ó ju owó tiẹ̀, ó sọ orúkọ kan wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́," ni Màmá Ìkéré wí.

Ó ní, "Fátímà."

Pásítọ̀ ń wo òkè àjà.

"Orúkọ ta nìyẹn?"

"Orúkọ màmá mi. Wọ́n gbà á."

Màmá Ìkéré dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ju owó sómi. "Èmi ni mo bí Gbénga, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gba orúkọ mi. Ta ló wá fẹ́ gba ti ẹni tó bí ìyàwó mi? Fátímà!" A pè é tẹ̀lé e. Ó ní kò dún tó. Ó tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ọ̀wọ̀ sọ ọmọ náà di "Màmá" tàbí "Ìyá Àgbà". Orúkọ yẹn gan-an ni kí tọmọdé tàgbà máa pè. Ẹ wo ayọ̀ àwa ọmọdé! Orúkọ àgbàlagbà lẹ́nu wa, kò sì sí ìyà. A pariwo rẹ̀ títí ohùn wa fi há.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Fátímà la ń pe Àǹtí Ìyàwó, a ò sì lè pè é ká má pe màmá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba Bùlùgéríà yẹn ṣubú, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì gba orúkọ wọn padà. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e, Fátímà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbàgàdà. Ìyá Fátímà gbé e káàkiri yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọmọ náà ti di ìyálọ́jà tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani báyìí, kì í sì í dín owó fún èèyàn rárá.

Nígbà tiwa, odindi ilé ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Lóde òní, inú fóònù la ti ń ṣà á. Ọmọ mi obìnrin ní Ìsọlọ̀ kò ní pẹ́ bímọ, ó sì fi orúkọ mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, Kéílà, Zara, kí n sáà mú. Kò sí ọlọ́pàá kankan nídìí rẹ̀ o. Mo pè é, mo ní mo ní tèmi tí mo fẹ́ fún ọmọ náà: orúkọ ìyá tó bí mi, tó pọn òun náà dàgbà. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Kí lorúkọ Gránmà gan-an?"

Ojú tì mí. Ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún, mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo ní, "Ìbíwùmí." Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Mo jáde sí ìta, mo pè é sókè, ó sì ń pè é tẹ̀lé mi.