Bí A Ṣe Ń Kí Mama Ìjọ Láti Orí Kẹ̀kẹ́

Mo ti rí ẹni tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nítorí òkúta. Mo ti rí ẹni tó ṣubú nítorí ajá, nítorí bọ́m̀pù, àti nítorí pé ó ń wo òjìji ara rẹ̀ bóyá àṣíborí yẹ òun. Ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnlé ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó ṣubú nítorí ẹ̀kọ́ ilé.

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ mi. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, ọkùnrin gìrìpá tó ti lé lógójì ọdún, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró dáadáa lórí kẹ̀kẹ́ ni bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa yọ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ayọ̀kúnlé rí bàbá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Ó sì fi háńdù sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kó lè dọ̀bálẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Kẹ̀kẹ́ náà dọ̀bálẹ̀ lé e lórí.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa," ni bàbá wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń kí i lójoojúmọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí: mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tó ní jíà púpọ̀, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní eyín, tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú igbó. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, "Àǹtí Dúpẹ́, òkè wo ló wà ní Yábàá?" Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn òpópónà kan kọjá ní Múṣín lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tó padà wá bi mí. Ẹni tó bá lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan omi, kò sí òkè tó lè dẹ́rù bà á.

Ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kàwé, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn. Tíṣà wa nígbà náà máa ń ní kí a ka ẹsẹ àkọ́sórí títí yóò fi wọnú egungun. Èmi náà wá di tíṣà eré ìdárayá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ohun tí n ó máa ṣe tí orúnkún mi kò fi ní dì. Ó gbọ́. Mo rí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mélòó kan rà lọ́nà Ìdó, Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, sì yọ̀ǹda pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní àràárọ̀ Sátidé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ní ìpẹ̀kun pápá náà ni òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa kan wà, tí àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn dà síbẹ̀ tí wọn kò kó lọ mọ́. Koríko ti hù lórí rẹ̀, ó sì ga ju ènìyàn méjì lọ. Bọ́lá, onídìrí láti Múṣín tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, ló sọ ọ́ ní Òkè Sínáì. Ó ní gbogbo ẹni tó bá gun ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń yí padà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Òkè kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Bí pápá yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi parí, nítorí mi ò lè kọ́ ènìyàn ní sísọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Sísọ̀ kalẹ̀ yìí gan-an ni olórí ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jókòó. Ẹ dìde lórí pẹ́dàlì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ọgbọọgba, kí orúnkún tẹ̀, kí ìdí lọ sẹ́yìn díẹ̀, kí àyà wálẹ̀ sọ́nà háńdù. Ìdúró òkè la máa ń pè é. Bí ara bá ti rọ̀ báyẹn, kòtò á mi kẹ̀kẹ́, kò ní mi ẹ̀yin. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe òkúta tí ẹ̀ ń sá fún. Ní ti bíréèkì, ìka kan tàbí méjì ti tó, jẹ́jẹ́. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù fa ti iwájú nìkan, torí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á gbé sókè, ẹ̀yin lẹ ó sì ṣáájú kẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ yé wọn. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Lóòró gangan ni wọ́n máa ń dúró lórí pẹ́dàlì, bí ẹgbẹ́ akọrin tó ń retí kí dùùrù bẹ̀rẹ̀.

"Bọ́lá, tẹ orúnkún!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Àǹtí!"

"Èwo lo tẹ̀?"

"Èyí tó wà nínú ṣòkòtò ni. Ẹ ò lè rí i láti ibẹ̀."

Ayọ̀kúnlé ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ orúnkún. Ìkíni ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ó kí bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣubú. Ó kí ìyá tó ń gbálẹ̀, ó ṣubú. Ní ọjọ́ kan, ó kí pósítà bàbá kan tí wọ́n fẹ́ sin, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní láti ọ̀nà jíjìn, bàbá náà dà bí ẹni tó wà láàyè.

Ni mo bá ṣe òfin. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni láti orí kẹ̀kẹ́. Ojú lọ́nà, ọwọ́ lórí háńdù, ẹnu ní pípadé."

Ayọ̀kúnlé gbé ọwọ́ sókè. "Tó bá jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́, mà?"

"Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá dé, a ó sọ̀ kalẹ̀ kí wọn."

"Tí a bá wà láàárín òkè ńkọ́, mà?"

"Ayọ̀kúnlé, gun kẹ̀kẹ́ ẹ."

Bíṣọ́ọ̀bù kọ́ ló dé. Mama Ìjọ ló dé, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ni ìyá gbogbo wa nínú ìjọ, kò sì sí ọmọ kan tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí wọn kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n gbé wá fún orí pẹpẹ. Mo wà lápá kejì pápá, mò ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára Mama lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú lọ́nà, ẹnu ní pípadé. Bọ́lá tilẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi ń dùn pé òfin mi ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, Fíkà pè mí sí ọ́fíìsì.

"Àǹtí Dúpẹ́, kí lẹ ṣe fún Mama?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Wọ́n ní ẹ̀ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní àìkíni nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní Bọ́lá tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gbé lọ́jọ́ ìkómọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn kọjá bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná."

"Àlàyé wà níbẹ̀, sà."

"Ẹ lọ ṣe é fún Mama."

"Ṣé ẹ ó tẹ̀ lé mi, sà?"

Fíkà wo òkè àjà. "Mo ní ìsìnkú," ni wọ́n wí.

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé bí wọ́n bá kí ènìyàn láti orí kẹ̀kẹ́, wọ́n lè ṣubú.

"Ta ni ìkíni ti pa rí?" ni Mama bi mí. "Má sì wá sọ fún mi pé wọn ó fi ẹnu nìkan kí mi. Ariwo nìyẹn. Ara ni mo fẹ́ kó wálẹ̀. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. N ó gbé àga sí ìsàlẹ̀ òkìtì yẹn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọjá lójú mi lóòró gangan báyẹn, kí o kó irin rẹ kúrò nílé Ọlọ́run. Òdòdó la ó gbìn síbẹ̀."

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọn kò bá kí Mama, pápá lọ. Bí wọ́n bá kí Mama, ẹsẹ̀ á kán, pápá náà á sì lọ. Mo gbé e síwájú Ọlọ́run. Mo ní, "Bàbá, Ìwọ lo fún mi ní iṣẹ́ yìí. Ìwọ náà lo fún mi ní Mama."

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ Wẹ́sídè, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, bí a ṣe ń wọlé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ayọ̀kúnlé ló gbé páálí omi kan sáyà, ó fẹ́ wọlé, ó sì pàdé Fíkà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Kò lè dọ̀bálẹ̀. Kò sì lè ṣe kó má kí wọn. Ara rẹ̀ bá wálẹ̀ fúnra rẹ̀: orúnkún tẹ̀, ìdí lọ sẹ́yìn, àyà wálẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ṣì di páálí mú ṣinṣin. "Ẹ kúrọ̀lẹ́, sà."

"Má dìde!" ni mo kígbe.

Ayọ̀kúnlé dúró bẹ́ẹ̀. Mo yí i ká, mo wo orúnkún, mo wo ìgbọ̀nwọ́. Ìdúró òkè tí mo ti fi gbogbo ẹnu mi kọ́ wọn ni, kò ṣẹ́kù ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú kí n tó mọ̀ ọ́n rí.

"Àǹtí Dúpẹ́," ni Fíkà wí jẹ́jẹ́, "ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọlọ́run ti ṣe é, sà! Ayọ̀kúnlé, má gbé e kalẹ̀!"

"Ó wúwo, mà."

Ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè, mo gbé àga rọ́bà kan sí ìsàlẹ̀ Òkè Sínáì, mo wé gèlè mi mọ́ ọn. "Mama nìyí," ni mo wí. "Ẹ gbàgbé orúnkún. Ẹ gbàgbé ìdí. Ẹ kàn fojú inú wò ó pé páálí omi ni háńdù, kí ẹ kí Mama." Wọ́n kí àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́lá tí kò ní orúnkún tẹ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí omi. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo rí i tí Ayọ̀kúnlé tún padà lọ kí àga náà pé ó dàárọ̀.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Mama jókòó, ọ̀pá lọ́wọ́, Fíkà sì ń yọjú láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Bọ́lá ló kọ́kọ́ wá, orúnkún tẹ̀, àyà wálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Mama wa!" Mama wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un. Wọ́n wúre fún ìka tó fi ń dirun, fún orí tó ń dì, fún àwọn tó ni orí. Bọ́lá ti dé ìpẹ̀kun pápá, ìwúre kò tíì tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún gbogbo wọn, tó fi jẹ́ pé Ayọ̀kúnlé tó kẹ́yìn ti dúró pẹ́ lórí òkè pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ó wá sọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé iwájú Mama, mo rí ìka rẹ̀ mẹ́ta tó dìde lórí háńdù. Mo pe orúkọ Jésù. Àwọn ìka náà padà. "Ẹ káàárọ̀ mà!" Àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ó gba orí gegele ìsàlẹ̀ òkè kọjá láìmì.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú nìyẹn," ni Mama wí, inú wọn dùn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mà?"

"Gbogbo wọn ló ti kí mi. Ìwọ tí o kọ́ wọn, láti àárọ̀ tí mo ti jókòó, o ò tíì kí mi."

Òtítọ́ ni. Sísáré kiri kò jẹ́ kí n rántí. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá dá mi dúró. "Rárá o. Gun òkè. Bí tiwọn."

Mo gùn ún. Mo sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ìdúró òkè tó pé pérépéré, títí ojú mi fi pàdé ojú Mama. Mo di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi fi háńdù sílẹ̀ láti kúnlẹ̀, ọwọ́ tó kù sì fa bíréèkì iwájú. Kẹ̀kẹ́ dúró. Èmi ò dúró. Àyà ni mo fi balẹ̀ níwájú bàtà Mama, apá mi méjèèjì nà tàntàn.

Mama wò mí títí.

"Dìde, Dúpẹ́," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin ló ń dọ̀bálẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ti tó obìnrin." Wọ́n wá kọjú sí ojú fèrèsé. "Fíkà, ẹ fi pápá náà sílẹ̀ fún un. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe tán."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé egungun kankan ò ṣẹ́, àti pé pápá náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àga Mama ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òkè, bóyá wọ́n jókòó síbẹ̀ o, bóyá wọn ò jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ojú ọ̀nà wa wọ̀nyí, bí ẹ bá rí kòtò, ẹ bọ̀wọ̀ fún un bí ìyá tó ju ìyá yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi háńdù sílẹ̀. Ayọ̀kúnlé kò ṣubú mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù wá. Bíṣọ́ọ̀bù sì ní kò tíì sí ẹni tó kí àwọn tó bẹ́ẹ̀ rí.