Dísíkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sọ Faransé

Ní Ìlaròó, nígbà tí mo ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a kì í sọ pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́. A máa ń sọ pé ó sùn. Dísíkẹ́ẹ̀tì kan la fi ń jí i. Lórí kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le la ti ń ṣe é: wàá ki dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wàá ní kó ṣe èyí tí wọ́n fi ń jí Wíńdò, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀, bí eku tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Àárò ariwo yẹn máa ń sọ mí. Kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kì í sọ̀rọ̀, àfi kó máa wo èèyàn.

Àwọn tèmi ti bu nínú dúrọ́ọ̀, ni mo bá ṣe tuntun lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Kútọnù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ní ẹ̀sọ̀ nígbà yẹn? Mi ò tilẹ̀ wo èdè tí ẹ̀rọ náà ń sọ.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà mi sùn. Pírójẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin kan láti Ìwòyè-Kétu wà nínú rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé tí mo bá ti rí i lókèèrè, màá tún ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe. Ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ki dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ẹ̀rọ jí, ó kí wa ní Faransé, èdè tí dísíkẹ́ẹ̀tì náà kó lára tòkunbọ̀ Kútọnù. Mo fẹ́ kó iṣẹ́ náà sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, lẹ́tà A tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ibi tí dísíkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ sì ni mo nílò. Mo tẹ A, Q ló jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́, Q náà ni. Mo gbá tábìlì, mo ṣépè fún Kútọnù àti gbogbo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú." Ọmọbìnrin náà ló ń bẹ̀ mí. "Òdìkejì bodè ni mo ti kọ́ títẹ̀wé. Ibi tí Q tiwa wà ni A tiwọn wà. Ẹ tẹ Q."

Mo tẹ Q. A jáde wẹ́rẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì tán, ó bú sẹ́kún, ó ń fi ẹ̀rín kún un. Ó dúpẹ́, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò tún ní ohun tó máa wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Mo pè é padà. "Ṣé o máa kọ́ mi ní Faransé?"

"Tí ẹ bá máa jáwọ́ nínú bíbínú sí ẹ̀rọ."

Ó ti di ìyàwó mi látọjọ́ pípẹ́. Mi ò tíì gbọ́ Faransé kankan, inú ṣì ń bí mi sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun kò tíì lọ.