Irin Tí Mo Jó Mọ́ Ọ̀kadà Kàdírì

Ẹ má yìn mí lónìí o. Inú ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Ọ̀rọ̀ Kàdírì ni. Ọlọ́kadà ni, abà kan lẹ́yìn Ìgbòho lòun àti Ramlah ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó ń fi ọ̀kadà kó iṣu láti oko wá sọ́jà, tí iṣu ò bá sí, a gbé èèyàn. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ olórí kunkun ni. Ọdún méje ni wọ́n ti fẹ́ra kí oyún Ramlah tó dúró. Gbogbo abà ló ń bá wọn ṣọ́ oyún náà.

Oyún ti pé oṣù méje nígbà tí Kàdírì ra ọ̀kadà àlòkù kan, irú èyí gíga tó ń wọ igbó, tó sì tún ń sáré lójú títì. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe, tí mo sì ń jó irin.

"Baba Àpọ́nlé, ẹ bá mi tún un ṣe kó lágbára. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ni mo ní, kò sí kọ́bọ̀ lé e."

Mo yí i po. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, àmọ́ táyà ẹ̀yìn ti jẹ, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń gba gbígbò ọ̀nà mọ́ra, sì ti ń jò. Mo ní, "Ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, èyí tó rọ̀. Fi ìyókù ra táyà tó léyín. Ó parí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀kì rírọ̀ kẹ̀? Nígbà tí iṣu tuntun ti dé! Ẹ jó irin mọ́ ọn bíi ti àwọn tó kù, bàbá. Mo fẹ́ kó gbé ọgọ́ta iṣu láìtẹ̀. Ẹ fi owó yòókù ra táyà àti ṣéènì, kó lè máa fò."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kó iṣu lọ́dọ̀ wa ń ṣe lóòótọ́. A ó jó irin gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ̀yìn ọ̀kadà má baà wọlẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀. Kò ní tẹ̀ mọ́, kò sì ní gba gbígbò ọ̀nà mọ́ra mọ́. Iṣu ò mọ̀ ọ́n lára, èèyàn ló ń mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé, "Ramlah ńkọ́? Kí lo máa fi gbé e lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mọ́tò Ìyápọ̀, awakọ̀ abà wa, ni màá gbà lọ́jọ́ yẹn. Iṣu yìí náà ló máa sanwó ilé ìwòsàn."

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹni tó ń wá owó ìtọ́jú ìyàwó rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mo pariwo mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbẹ̀yìn mo gbé iná ìjórin. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì gbowó iṣẹ́.

Kàdírì kó iṣu fún odidi oṣù kan bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá ń kọjá, a fọn fèrè, a ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i?" Èmi náà a juwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ramlah ní inú ń run òun. Kàdírì pe Ìyápọ̀, ó ti kó èrò lọ sí Ṣakí. Ló bá so tìmùtìmù mọ́ ìjókòó, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lé e. Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà abà yẹn sí kòtò-kòtò, kò sì sí kòtò kan tí ara Ramlah ò gbà. "Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ló ń ké. Tí Kàdírì bá rọra, ó ń pẹ́. Tó bá sáré, ó ń gbò ó. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Kàdírì da ọ̀kadà sínú igbó, ó gbé Ramlah sápá, ó sì fẹsẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ramlah yè. Ọmọ ò yè. Ọkùnrin ni. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun Alásárì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, Kàdírì ti ọ̀kadà náà wá, kò gùn ún. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ gé irin yìí kúrò." Mo gé e, mo fi owó ara mi ra ṣọ́ọ̀kì rírọ̀ sí i. Ó ti rọ̀ báyìí, bí ẹ bá gbé ife omi lé e, kò ní dà.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo rí Ramlah, ó ru ẹ̀lùbọ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti abà. Kàdírì wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wà á díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Gùn ún, Ramlah. Ó ti rọ̀. Baba Àpọ́nlé ti tún un ṣe."

Ramlah dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ tòun ti ẹrù lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ló wí. Ó dìde, ó sì ń fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ.