Stẹ́ńtì Tuntun Lọ́kàn Mi, Stẹ́ńtì Àtijọ́ Lọ́kàn Bàbá Mòníyà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ọsibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé púlọ́ńbà ni mí ládùúgbò Challenge. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn onílé Bódìjà ẹni tó fa omi sílé wọn. Èmi ni. Ẹnjiníà tó kàwé gboyè ti pè mí rí pé kí n wá bá òun wá ibi tí páìpù ti ń jò lábẹ́ táìsì. Etí lásán ni mo fi wá a rí. Mi ò purọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Àwọn dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn mi ti fẹ́ dí. Wọ́n ti ohun kan bọ inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stẹ́ńtì, wáyà tín-ín-rín tó rí bíi sípíríńgì inú báírò, òun ló la iṣan náà sílẹ̀. Wọ́n ní irú tuntun ni tèmi, pé wọ́n fi oògùn kùn ún lára kí ojú ibẹ̀ má baà tún fún pọ̀. Wọ́n tún kó oògùn oníhóró fún mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dá a dúró.

Ṣé ẹ rí i, páìpù tí wọ́n ti kun ọ̀dà sí lára, ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún púlọ́ńbà? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo pa oògùn oníhóró tì. Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi bó o. Mo ní oògùn ti wà nínú àyà mi, kí ni mo tún ń gbé òmíràn mì sí?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ fún àyẹ̀wò ní ọsibítù Jericho. Bàbá kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Mòníyà ni wọ́n ti wọkọ̀ wá. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, àṣé stẹ́ńtì wà lára àwọn náà. Wọ́n ní irú àtijọ́ ni tàwọn, irin lásán, wọn ò fi nǹkan kan kùn ún.

Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, “Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ yín o, Bàbá. Tèmi ní oògùn lára.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “O ṣeun. Ọdún mélòó lo wá fún mi?”

“Bàbá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o.”

“Ojú ẹ ti bá ẹ sọ ọ́.”

Wọ́n wá sọ fún mi pé àbíkẹ́yìn àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì ni nígbà tí wọ́n fi stẹ́ńtì náà sí àwọn láyà. Ọmọ ọ̀hún ti bímọ méjì báyìí.

Irin lásán? Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí lógún. Àbí ti àtijọ́ ló lágbára jù ni, bíi páìpù irin àwọn baba wa tó ṣì wà nílẹ̀ dòní? Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń lò. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kẹ́tùlù àlùwàlá ni oògùn oníhóró tàwọn ń sùn. Bí wọ́n bá ti ṣe àlùwàlá àsùbáà, wọ́n á gbé e mì kí wọ́n tó kírun.

“Ìwọ ńkọ́?”

Mo sọ fún wọn pé mo ti dá tèmi dúró, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara páìpù fún wọn dáadáa. Bàbá yọ awò ojú wọn.

“Púlọ́ńbà, tí o bá ri páìpù tuntun sílé èèyàn, tí omi tó kún fún yẹ̀pẹ̀ wá ń gba inú ẹ̀, ṣé kò ní dí?”

“Á dí, sà. Àfi kéèyàn sẹ́ omi náà kó tó wọlé.”

“Ọ̀dà tí wọ́n kùn ún ńkọ́?”

Ara páìpù ni ọ̀dà wà fún. Kò kan omi. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn onílé láti ogún ọdún!

Kíá ni àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì níbẹ̀? Mi ò mọ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo jẹ́wọ́ fún dókítà, obìnrin tí mo lè bí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní, “Dádì, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stẹ́ńtì lójijì. Ọ̀pọ̀ kì í rí àyè débí.” Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, bébà ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ojú dókítà ni mò ń wò, bí onílé ṣe máa ń wo ojú tèmi tí mo bá fẹ́ ṣí omi fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní kò tíì sí ewu, kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú òun níbẹ̀.

Mi ò lè lọ láì bèèrè. Nínú stẹ́ńtì méjèèjì, èwo ló ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ láyé? Ó ní àwọn dókítà gan-an ti ń tọpa aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún torí ìbéèrè yẹn. Ti tuntun kì í tètè jẹ́ kí iṣan fún pọ̀ padà, èèyàn kì í sáábà padà wá ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá di ká ka ẹni tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún gígùn, ìyàtọ̀ wọn ò tó bí mo ṣe rò. Ó ní oògùn, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn yẹn ni kí n máa ṣọ́. Mo tún bi í ní ìbéèrè náà lọ́nà mìíràn. Ìdáhùn kan náà ló fún mi.

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí táìsì ọsibítù. Wọ́n ní, “Dìde jàre, tí nǹkan bá ṣe ẹ́ níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní èmi ni.”

Wọ́n gba nọ́ńbà mi. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà láti bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi. Lónìí, wọn ò pè. Mo dúró, dúró. Èmi ni mo wá pè wọ́n, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti lo tiyín?”

Wọ́n ní, “Mo ti lò ó. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan á bi èmi náà ni.”

Tí ẹ bá bi mí léèrè stẹ́ńtì tó dára jù, mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo sọ pé mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a kì í torí ọ̀dà ara páìpù gbàgbé omi inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí stẹ́ńtì wà lára yín, tàbí lára bàbá yín, kí lẹ fi ń rántí oògùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Màá kà á fún Bàbá lọ́la tí mo bá pè wọ́n.