Ewúro Tí Kò Hó

Ní ọdún tí wọ́n ti bodè, ìyá ìyàwó ọmọ mi há sílé wa ní Ayétòrò. Láti Kétu, ní òdìkejì bodè, ló ti wá bá wa wẹ ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kí ogójì ọjọ́ tó ní lọ́kàn tó pé, àwọn ṣójà ti gba ojú ọ̀nà Ìwòyè, àwọn aṣọ́bodè, tí òun ń pè ní duwáànì, ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ọ̀nà ìgbẹ́ wà, àmọ́ ó ní òun ò lè máa sáré níwájú ìbọn lágbà òun. Bí a ṣe di ìyá àgbà méjì nínú ilé ìdáná kan nìyẹn.

Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ó ń kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ níbi tí kò yẹ kó kúnlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọmú. Á gbá a mú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á jù ú sílẹ̀, á figbe bọnu. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ ò gbóná, wàrà sì wà lọ́mú ìyá rẹ̀, ká sáà máa fún un. Ìyá rẹ̀ ń fún un, kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àárín orí rẹ̀ tó máa ń fẹ́lẹ́ ti ń jin wọnú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́dọ̀ wa, abiyamọ a máa mu omi ewúro láàárọ̀ àti lálẹ́ kí wàrà lè wá. Nítorí pé ọ̀kadà ò rí epo rà, n kò lè dé oko mi, ṣáájú kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọmú ni mo ti ra ewúro gbígbẹ lọ́wọ́ oníbàárà mi lọ́jà, mo dà á sínú agbọ̀n. Àna mi ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ̀ ọ́, á sì kọ̀yìn sí ilé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, mo rí i létí títì tó ń já ewé jogbo, èyí tó máa ń yọ òdòdó òfeefèé ńláńlá. Ó wò síhìn-ín, ó wò sọ́hùn-ún, ó kó o sábẹ́ ìró.

N kò pariwo. Tíṣà kan gba yàrá lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í bí ẹni ń ṣàwàdà pé kí ni ewúro àti jogbo jẹ́ síra wọn.

"Ìbátan ni wọ́n, Màmá." Ó já òdòdó jogbo kan létí títì, ó fà á ya. "Òdòdó kan ṣoṣo kọ́ lẹ rí yìí. Gbogbo èyí tó dúró ṣinṣin láàárín rẹ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, òdòdó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti ewúro náà, bákan náà ni. Imí-eṣú wà nínú ẹbí yẹn, yúnyún wà níbẹ̀, títí kan ebòlò tẹ́ ẹ sè lánàá."

"Ṣé ẹbí tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kálukú ló ń se oró tirẹ̀ sínú ewé, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Gbogbo wọn lè korò, àmọ́ ohun tó ń korò nínú jogbo yàtọ̀ sí ti ewúro. Ewúro ní ohun tó ń hó bí ọṣẹ. Ẹ má fún abiyamọ ní jogbo o."

Mo ti ń fọ ewúro láti kékeré. Mo mọ̀ pé ó ń hó, àmọ́ n kò rò ó rí pé ìfófòó lè jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ dúró lẹ́yìn àna mi. Omi inú abọ́ dúdú, ó sì pa rọ́rọ́.

"Àna mi, omi yìí ò hó."

Kò gbórí sókè. "Ó ti pẹ́ tí kò ti hó. Mo kọ́kọ́ rò pé torí ó gbẹ ni."

"Ẹ wá ń fún ọmọ yín mu?"

"Láti àná ni mo ti ń dà á nù. Omi lásán ni mò ń gbé fún un, títí n ó fi mọ ẹni tó ń da jogbo sínú agbọ̀n yín."

"Ta lẹ rò pé ó ń dà á?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó ewé gbígbẹ jáde. "Èyí tí mo já létí títì rèé, mo sá a gbẹ kí n lè fi wé tinú agbọ̀n. Ẹ gbóòórùn méjèèjì. Ẹ sì má sọ pé ẹ ò rí mi níbi tí mo ti já a. Mo rí yín lẹ́yìn ògiri. Ìpàkọ́ mi lójú."

Mo gbóòórùn wọn. Òórùn kan náà ni.

Mo rántí bí mo ṣe ra ewé ọ̀hún. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fọwọ́ rún ọjà oníbàárà ẹni wò lójú rẹ̀ ká tó san owó; èébú ni. Àlejò ni mò ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, n kò ṣọ́ ẹni tí mo ti mọ̀ láti ìgbà ọmọge. Mo gbé agbọ̀n lọ bá a lọ́jà, mo fọwọ́ rún ewé náà, mo gbóòórùn rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ṣójà ló wà lọ́nà oko. Mo ní kí n fi èyí tó wà nítòsí lé e. Ṣebí kíkorò náà ni."

N kò bá a jà. Mo bẹ ìyàwó pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa kó jẹ́ kí n já ewúro tútù lẹ́yìn ilé wọn. Èmi àti àna mi la jọ fọ̀ ọ́ nínú abọ́ kan, ìfófòó bò wá lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ fa ọmú, ó dákẹ́, ó tún fà á. Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

N kò lè búra pé ewé ló fà á. Títí wọ́n fi ṣí bodè, kò sẹ́ni tó tún dá ewúro fọ̀ nínú àwa méjèèjì. Bí mo bá dìde, á dìde, ojú rẹ̀ lára mi, ojú mi lára rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn ò rí irú àna tó fẹ́ràn ara wọn báyìí rí.